ÌDÈ INÁ TÍ Ó ṢEÉ YỌ LÁRA RÓBỌ́Ọ̀TÌ ONÍJÀ KÉKERÉ: IṢẸ́ RẸ̀ ÀTI BÍ A ṢE Ń ṢE É

1.0 Ìfáàrà

Ní ọdún 1994 ni wọ́n ṣe ìdíje Robot Wars àkọ́kọ́ ní ìlú San Francisco ní Amẹ́ríkà. Nígbà tí ó di 1998, iléeṣẹ́ BBC bẹ̀rẹ̀ sí í fi irú ìdíje bẹ́ẹ̀ hàn lórí tẹlifíṣàn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìwọ̀n ni wọ́n fi ń pín àwọn róbọ́ọ̀tì náà sí ìsọ̀rí. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, antweight kò gbọdọ̀ wúwo ju 150 giramu lọ. Beetleweight kò gbọdọ̀ ju 1.5 kilogiramu lọ. Wọ́n kéré lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìyẹ: abẹ irin tí ń yí lára wọn lè gé ìka ọwọ́. Ohun tí iṣẹ́ yìí dá lé ni wáyà kúkúrú tí a lè fi ọwọ́ yọ, tí iná róbọ́ọ̀tì yóò sì kú pátápátá. Ìdè iná ni a pè é níhìn-ín.

2.0 Ìdí tí ìdè iná fi ṣe pàtàkì

Ẹnìkan lè rò pé pípa rédíò atọ́nà ti tó láti dá róbọ́ọ̀tì dúró. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí a bá pa rédíò, àṣẹ nìkan ni ó dáwọ́ dúró. Iná bátìrì ṣì wà nínú ẹ̀rọ náà. Bí ẹ̀yà tí ń díwọ̀n iná fún mọ́tò bá bàjẹ́ lójú ìjà, ó lè máa gbé iná kọjá láìgba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Súìṣì pẹ̀lú lè bàjẹ́ nínú láìhàn sójú. Ṣùgbọ́n bí ìdè iná bá ti wà lọ́wọ́ ẹni, ọ̀nà iná ti já, gbogbo ènìyàn sì rí i. Nítorí náà ni òfin Fighting Robots Association ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe là á kalẹ̀ pé ibi tí ó hàn, tí ó sì jìnnà sí ohun ìjà, ni ó gbọdọ̀ wà.

3.0 Bí a ṣe ń ṣe é

Ohun èlò rẹ̀ ni púlọ́ọ̀gì àti sọ́kẹ́ẹ̀tì irú XT30, wáyà tó nípọn, òjé àti páìpù rọ́bà tí ooru ń mú súnkì.

(i) A ó kọ́kọ́ yọ bátìrì kúrò. Lẹ́yìn èyí, a ó gé wáyà pupa tí ó ń gba iná láti ara bátìrì sí méjì, a ó sì fi òjé jó orí kọ̀ọ̀kan mọ́ ẹnu sọ́kẹ́ẹ̀tì.

(ii) A ó tẹ wáyà kúkúrú kan kọrọdọ, a ó sì fi í so ẹsẹ̀ méjèèjì púlọ́ọ̀gì pọ̀.

(iii) Bí a bá ń jó púlọ́ọ̀gì, kí ó wà nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì mìíràn tí a kò lò, nítorí ooru a máa sọ ike di rírọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò sì wọ́.

(iv) A ó fi rọ́bà bo gbogbo ojú irin tí ó ṣí sílẹ̀.

4.0 Àwọn ohun àkíyèsí

Sọ́kẹ́ẹ̀tì ni ó yẹ kí ó wà lára róbọ́ọ̀tì. Bí ó bá jẹ́ púlọ́ọ̀gì tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ síta ni, èérún irin kan tí ó bá kan ẹsẹ̀ méjèèjì lè tan róbọ́ọ̀tì náà lójijì. Ewu mìíràn wà: ẹnu bátìrì pẹ̀lú sábà máa ń jẹ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì. Bí ìwọ̀n wọn bá dọ́gba, ẹni tí ó ń kánjú lè ki ìdè iná bọ bátìrì fúnra rẹ̀, bátìrì náà sì lè gbiná. Nítorí náà, kí ìwọ̀n méjèèjì yàtọ̀.

Ojú ìsopọ̀ tí a kò jó dáadáa a máa dènà iná. Bí iná 20 ámpíà bá ń gba ibi tí ìdènà rẹ̀ jẹ́ 0.05 óómù, ooru ibẹ̀ yóò tó 20 wáàtì, èyí tí ó tó láti yọ́ ike. Odidi fólítì 1 yóò sì ṣòfò nínú 11.1 tí bátìrì onísẹ́ẹ̀lì mẹ́ta ń pèsè. Bí ìdènà náà bá jẹ́ 0.001 óómù, wáàtì 0.4 péré ni. Bákan náà, kí a ki ìdè bọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, nítorí kapasítọ̀ inú róbọ́ọ̀tì a máa fa iná mu lójijì, iná a sì ta, tí yóò máa jẹ ojú irin.

5.0 Àgbálọgbábọ̀

Ohun méjì tí ó takora ni a ń béèrè lọ́wọ́ ìdè iná: kí ó le tó bẹ́ẹ̀ tí ìkọlù kò ní mú un já, kí ó sì rọrùn tó bẹ́ẹ̀ tí ìka méjì yóò fi yọ ọ́. Ìsopọ̀ tó fún dáadáa, wáyà kúkúrú tí ó rì sínú ara róbọ́ọ̀tì, àti ojú ihò tí ìka lè wọ̀ ni ó ń mú kí méjèèjì ṣeé ṣe.