Ẹni tó ya àwọn baba wa sí sinimá

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin ọmọ, ẹ ti rí i níbi ìgbéyàwó: ẹni tó ń ya fídíò ń wọ ilé tí kì í ṣe tirẹ̀, láàrin àwọn tí kò mọ̀ rí. Ta ló ń ṣílẹ̀kùn fún un?

Ní 1930, Albert Kahn, olówó kan ní Faransé, rán Frédéric Gadmer wá sí Dàhòmì láti ya àwòrán àti sinimá. Ẹni tó mú un rìn ni Fadá Francis Aupiais, tó ti dé ilẹ̀ yìí ní 1903, tó sì pẹ́ ní Àjàṣẹ́. Fadá mọ ilé, ó mọ ìkíni, wọ́n sì gbà wọ́n. Sinimá náà kò ní ohùn. Àwòrán aláwọ̀ ńkọ́? Orí dígí ni, tí wọ́n fi ìyẹ̀fun ọ̀dùnkún òyìnbó tí a pa láró tẹ́ lójú; ẹni tí a ń yà gbọ́dọ̀ dúró jẹ́ẹ́. Fún ọmọdé, iṣẹ́ ńlá nìyẹn!

Kì í ṣe àwọn onígbàgbọ́ nìkan ni wọ́n yà. Wọ́n ya àwọn olórìṣà pẹ̀lú, níbi ìsìn wọn. Inú àwọn ọ̀gá Fadá kò dùn sí èyí rárá. Ní tèmi, ó ṣe é re: báwo ni a ó ṣe fẹ́ràn aládùúgbò tí a kọ̀ láti wò?

Fadá kú ní 1945. Àwọn àwòrán náà, tó lé ní 1000, wà ní ilé ìṣúra Albert Kahn ní Boulogne, lẹ́bàá Párí. Ẹni tó bá ní ọmọ lọ́hùn-ún, kí ó rán an lọ wò ó. Ó lè rí ojú baba ńlá rẹ̀.