Olóyè Solomon Osagie Alonge (1911–1994), ayàwòrán ààfin Ìbìní

Ìbìní ni ìlú Alonge. Èkó ló ti kọ́ṣẹ́ fọ́tò nígbà èwe rẹ̀, kó tó padà wálé.

Ọ̀kan lára àwọn fọ́tò Ìbìní tí ayé mọ̀ jù ṣáájú tirẹ̀ ni èyí tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì yà ní 1897: wọ́n jókòó láàárín ère ààfin tí wọ́n kó. Ó dunni wò. Ṣùgbọ́n láti ayé Ọba Akenzua Kejì, tó gorí ìtẹ́ ní 1933, Alonge, ọmọ Ìbìní fúnra rẹ̀, ló ń ya ọba, olorì àti ìjòyè.

Ó dá Ideal Photo Studio sílẹ̀ ní 1942, àwọn ará ìlú sì ń múra lọ ya fọ́tò níbẹ̀. Dúdú òun funfun ni fọ́tò ìgbà náà. Ní ti àwọn tó ní àwọ̀, ọwọ́ ni wọ́n fi kùn wọ́n, pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì tẹ́ẹ́rẹ́, lẹ́yìn tí wọ́n ti fọ fọ́tò tán.

Ní 2014, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Smithsonian pàtẹ iṣẹ́ rẹ̀ ní Washington.