Àwọ̀ Ìfarapamọ́ Lára Àwòṣe Táǹkì Ogun

Kíkun àwọ̀ ìfarapamọ́ sára àwòṣe táǹkì ogun jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ tí a fi ń ṣe àfarawé ọ̀dà tí àwọn ológun ń kùn sára ọkọ̀ ìjà wọn kí ojú ọ̀tá má baà tètè rí i. Ike ni a fi ń ṣe ọ̀pọ̀ nínú àwọn àwòṣe wọ̀nyí. Wọ́n máa ń wà ní ègé-ègé nínú páálí. A ó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ wọ́n pọ̀, lẹ́yìn náà a ó kùn wọ́n. Ìṣòro kan wà nídìí iṣẹ́ yìí tó mú un yàtọ̀ sí ọ̀dà kíkùn mìíràn: àwọ̀ tí a dá láti fi nǹkan pamọ́ ni ẹni tó ń kùn ún fẹ́ kí àwọn èèyàn rí kedere. Bí ó bá tẹ̀ lé ti ojú ogun láìyẹ̀ rárá, àwòṣe náà lè di òkìtì kan tí ojú kò lè tú palẹ̀. Bí ó bá sì ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́ jù, kò ní jẹ́ ẹ̀rí ohun tó wà rí mọ́.

Bí àwọ̀ ṣe ń fi nǹkan pamọ́

Ọ̀nà mẹ́ta pàtàkì ni àwọ̀ fi ń tan ojú jẹ, gbogbo wọn ló sì ti wà nínú igbó kí àwọn ológun tó mọ̀ wọ́n lò. Èkíní ni kí nǹkan jọ ibi tó wà. Bí àparò bá ba sínú koríko gbígbẹ, ẹni tó ń kọjá lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ̀ ẹ́ kó tó fò. Àwọn ọdẹ Yorùbá mọ èyí dájú. Wọn kì í wọ aṣọ tó ń dán lọ sí ìgbẹ́.

Èkejì ni kí a fọ́ ìrísí nǹkan sí wẹ́wẹ́. Ìlà àti àmì tóótòòtó funfun tó wà lára ìgalà kì í jẹ́ kí ojú tètè rí i gẹ́gẹ́ bí odindi ẹranko. Ńṣe ló dà bí ìmọ́lẹ̀ oòrùn tó ń yọ láàárín ewé. Ẹ̀kẹta ni kí a fi àwọ̀ pa òjìji. Oòrùn a máa tàn sí ẹ̀yìn nǹkan, abẹ́ rẹ̀ a sì ṣókùnkùn. Ìyàtọ̀ yìí ni ojú fi ń mọ̀ pé nǹkan náà nípọn. Ẹ̀yìn ètu ṣókùnkùn ju ikùn rẹ̀ lọ, èyí sì ń dín ìyàtọ̀ náà kù. Abbott Thayer, ayàwòrán ọmọ Amẹ́ríkà, ṣàlàyé ìlànà yìí nínú àpilẹ̀kọ kan tó tẹ̀ jáde ní ọdún 1896.

Lára táǹkì, ọ̀nà kejì ló ṣe pàtàkì jù. Àwọn ohun tó ń tú àṣírí táǹkì ni igun rẹ̀ tó gún régé, ìbọn rẹ̀ tó gùn àti òjìji abẹ́ rẹ̀. Nítorí náà, ó yẹ kí ojú àwọ̀ kọ̀ọ̀kan gba orí igun kọjá, kí ó bẹ̀rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan kí ó sì parí sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ lára àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ ni pé wọ́n máa ń dá àwọ̀ dúró sí etí igun. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ti fa ìlà sí ìdí ohun tó yẹ kó fi pamọ́.

Ibi tí ọkọ̀ wà ló ń sọ bóyá àwọ̀ yóò ṣiṣẹ́

Kò sí àwọ̀ ìfarapamọ́ kan tó dára níbi gbogbo. A lè fi Kwame Nkrumah Circle ní Accra, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Circle, ṣe àpẹẹrẹ. Ibẹ̀ ni Ring Road ti pàdé ọ̀nà Nsawam. Afárá oníkọnkéré gba orí ara wọn kọjá, tro-tro àti àwọn ọlọ́jà sì kún abẹ́ wọn. Táǹkì tí a kùn ní àwọ̀ ewé àti àwọ̀ ilẹ̀ lè pòórá nínú igbó Ashanti, ṣùgbọ́n bí ó bá dúró sí Circle, àwọ̀ ewé rẹ̀ gan-an ni yóò tú u fó. Ìlà gbọọrọ, ògiri aláwọ̀ eérú àti òjìji tó mú bí abẹ ló wà níbẹ̀. Kò sí ewé tí ọkọ̀ náà yóò jọ.

Àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó wà ní ìlú Berlin bá irú ìṣòro bẹ́ẹ̀ pàdé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, wọ́n kun táǹkì Chieftain wọn ní igun mẹ́rin-mẹ́rin aláwọ̀ eérú, funfun àti àwọ̀ ilẹ̀, kí ó lè jọ ògiri, fèrèsé àti ojú títì. Ẹni tó bá fẹ́ gbé àwòṣe rẹ̀ ka orí àtẹ tó jọ ìlú ńlá gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ léèrè ibi tí wọ́n tìtorí rẹ̀ kun ọkọ̀ náà.

Ìtàn kúkúrú

Ní ọdún 1915, nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, ilẹ̀ Faransé dá ẹ̀ka ológun kan sílẹ̀ fún iṣẹ́ ìfarapamọ́, ayàwòrán Lucien-Victor Guirand de Scévola sì ni olórí rẹ̀. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbé táǹkì jáde sójú ogun ní ọdún 1916, ayàwòrán Solomon J. Solomon ló ṣètò àwọ̀ oríṣiríṣi tí wọ́n kùn sí i lára. Ẹrẹ̀ ojú ogun bo ọ̀dà náà mọ́lẹ̀, wọ́n sì pa ètò náà tì. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ fún ẹni tó ń kun àwòṣe ni pé ilẹ̀ tí ọkọ̀ ń rìn lórí rẹ̀ jẹ́ ara àwọ̀ rẹ̀.

Nínú Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ọ̀já àwọ̀ tó dagun, tí etí rẹ̀ gún régé, kun táǹkì wọn ní aṣálẹ̀ Íjíbítì àti Líbíyà. Ní ti Jámánì, àwọ̀ eérú tó ṣókùnkùn ló wọ́pọ̀ lára táǹkì wọn títí di oṣù Kejì ọdún 1943, nígbà tí àṣẹ jáde pé kí ọ̀dà ìyeyè tó ṣókùnkùn di ìpìlẹ̀. Wọ́n fún àwọn tó ń wa táǹkì ní ọ̀dà àwọ̀ ewé àti pupa bí ilẹ̀, tó ki bí ẹ̀kọ, kí wọ́n fi omi tàbí epo bẹntiróòlù pò ó, kí wọ́n sì kùn ún fúnra wọn. Bí ẹnìkan ṣe pò ó yàtọ̀ sí bí ẹlòmíràn ṣe pò ó, ìdí nìyẹn tó fi ṣòro láti rí méjì tó bára mu nínú àwọn táǹkì wọ̀nyí.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀rí ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà

Gánà àti Nàìjíríà lo Saladin, ọkọ̀ ogun ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́fà tí ilé-iṣẹ́ Alvis ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Táyà ló fi ń rìn, kò ní ẹ̀wọ̀n irin bíi ti táǹkì, ṣùgbọ́n ìlànà kan náà ni a fi ń kun àwòṣe rẹ̀. Àwọn ọkọ̀ onírin wà lára ohun tí àwọn ọmọ ogun láti Ho gbé wọ Accra ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹrin ọdún 1967, nínú ìgbìyànjú ìfipágbàjọba tí wọ́n ti pa Ọ̀gágun Emmanuel Kotoka. Ní Nàìjíríà, wọ́n lo Saladin nínú ogun abẹ́lé ọdún 1967 sí 1970. Mùsíọ́mù Ogun ti Orílẹ̀-èdè tó wà ní Umuahia ń ṣàfihàn àwọn ọkọ̀ onírin láti ìgbà ogun náà, títí kan èyí tí àwọn ará Biafra fúnra wọn rọ.

Ọ̀pọ̀ àwòrán àwọn ọdún wọ̀nyẹn jẹ́ dúdú àti funfun. Nínú irú àwòrán bẹ́ẹ̀, àwọ̀ ewé àti àwọ̀ ilẹ̀ pupa lè di eérú kan náà, tí a kò ní mọ̀ bóyá àwọ̀ kan tàbí méjì ló wà lára ọkọ̀. Ọkọ̀ tó wà ní mùsíọ́mù pẹ̀lú lè ti gba ọ̀dà tuntun lẹ́yìn ogun. Nítorí náà, a kò gbọdọ̀ mú àwọ̀ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń kun Saladin tiwọn kí a sì gbà pé bẹ́ẹ̀ ni ti Accra tàbí Èkó rí. Ohun tó lè ranni lọ́wọ́ ni kí a fi eérú inú àwòrán wé ohun tí a mọ àwọ̀ rẹ̀, bíi ewé igi ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà tàbí táyà, kí a wá ẹ̀dá ọ̀dà àtijọ́ níbi tí ti òkè ti bó, kí a sì béèrè lọ́wọ́ ẹni tó wa ọkọ̀ náà.

Òṣùwọ̀n

Òṣùwọ̀n tó gbajúmọ̀ jù fún àwòṣe táǹkì ni 1:35, tí ilé-iṣẹ́ Tamiya ti Japan sọ di àṣà láti àwọn ọdún 1960. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé sẹ̀ǹtímítà kan lára àwòṣe dúró fún 35 lára ọkọ̀ gidi. Ara Saladin tó tó mítà 4.9 yóò di sẹ̀ǹtímítà 14. Ara táǹkì Vickers Mk 3, tí Nàìjíríà rà, tó lé díẹ̀ ní mítà 7.5, yóò di nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 21.5.

Òṣùwọ̀n yìí kan àwọ̀ pẹ̀lú. Ẹni tó ń wo àwòṣe ní ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 30 dà bí ẹni tó dúró ní mítà 10.5 sí ọkọ̀ gidi. Bí nǹkan bá ti jìnnà sí wa, afẹ́fẹ́ àti eruku a mú kí àwọ̀ rẹ̀ ṣá díẹ̀. Ọ̀dà tó bá ti ọkọ̀ gidi mu rẹ́gí yóò ṣú jù lára àwòṣe, nítorí náà ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ máa ń fi funfun tàbí àwọ̀ ìyàngbẹ díẹ̀ là á. Etí àwọ̀ náà ní òṣùwọ̀n: ibi tí àwọ̀ méjì ti wọ inú ara wọn ní sẹ̀ǹtímítà 7 lára táǹkì kò gbọdọ̀ ju mìlímítà 2 lọ lára àwòṣe.

Bí a ṣe ń kùn ún

A ó kọ́kọ́ fi omi ọṣẹ fọ ike náà kí òróró tó wà lára rẹ̀ lè kúrò, a ó sì kun práímà, ìyẹn ọ̀dà ìpìlẹ̀ tó ń mú kí ọ̀dà yòókù lẹ̀. Lẹ́yìn náà ni a ó fi ìbọn ọ̀dà kékeré, èyí tí afẹ́fẹ́ kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ ń tì, fọ́n àwọ̀ tó mọ́lẹ̀ jù káàkiri. Bí etí àwọ̀ bá yẹ kó wọ inú ara wọn, a ó dín afẹ́fẹ́ kù, a ó fi tínà la ọ̀dà, a ó sì mú ìbọn súnmọ́ àwòṣe. Bí etí bá yẹ kó gún régé, a ó fi téèpù bo ibi tí a kò fẹ́ kí ọ̀dà dé.

Ojú ọjọ́ ní ipa tirẹ̀. Ní àkókò òjò ní Accra tàbí Èkó, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ lè mú kí ọ̀dà tó ń tètè gbẹ ṣe funfun bí kùrukùru, omi sì lè ti inú kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ tú sára iṣẹ́. Ó yẹ kí a fi ohun tó ń gba omi sí ojú ọ̀nà afẹ́fẹ́ náà. Nígbà ọyẹ́, eruku a máa lẹ̀ mọ́ ọ̀dà tútù, nítorí náà a ó da ike bo iṣẹ́ títí yóò fi gbẹ. Nígbà gbogbo, a ó ṣí fèrèsé, a ó sì fi ìbòmú bo imú.

Lẹ́yìn àwọ̀ ni a ó yanjú ìṣòro tí a mẹ́nu kàn níbẹ̀rẹ̀. A ó fi ọ̀dà olóróró tó ṣàn, tó sì ṣókùnkùn, kún ojú ìsopọ̀ àti ìdí nọ́ọ̀tì, a ó sì fi búrọ́ọ̀ṣì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ gba orí igun pẹ̀lú àwọ̀ tó mọ́lẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ìrísí táǹkì yóò ṣe padà hàn láìjẹ́ pé a yí ètò àwọ̀ rẹ̀ padà. Eruku ni a ó fi sí i kẹ́yìn: pupa fún ilẹ̀ Gánà àti ilẹ̀ Yorùbá, ìyàngbẹ fún aṣálẹ̀. Fáníìsì tí kò dán ni yóò bo gbogbo rẹ̀.

Oníṣẹ́ tó mọ iṣẹ́ a máa kọ ọ́ sí abẹ́ àtẹ àwòṣe rẹ̀: irú ọkọ̀, ibi tó wà, ọdún, àwòrán tó tẹ̀ lé, àti ibi tó ti fi èrò ara rẹ̀ kún un. Àkọsílẹ̀ yìí ni akẹ́kọ̀ọ́ tó bá rí àwòṣe náà ní ogún ọdún sí i yóò fi mọ èyí tó jẹ́ ẹ̀rí yàtọ̀ sí èyí tó jẹ́ àbá.