Jules Ferry àti òfin méjì

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ta ni Jules Ferry? Òun ló ṣe olórí ìjọba Faransé ní 1880 sí 1881, ó sì tún ṣe é ní 1883 sí 1885.

Ní ọjọ́ 16 oṣù kẹfà 1881, ìjọba rẹ̀ ṣe òfin pé ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́ ní Faransé. Ní 1882, ó di dandan fún ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin. Ọmọ tálákà náà mọ̀wé. Àwa tí à ń kọ́ ábídí lálẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́ oko, a mọ bí ìyẹn ti tó.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ọjọ́ 28 oṣù kan náà! Ọjọ́ méjìlá péré ló kọjá. Wọ́n ṣe òfin mìíràn fún Àlùjẹ́ríà, ilẹ̀ tí Faransé gbà ní àríwá Áfíríkà: aláṣẹ òyìnbó lè bu owó ìtanràn lé ọmọ onílẹ̀, ó lè tì í mọ́lé, láìgbé e dé ilé-ẹjọ́. Wọ́n ń pe irú òfin bẹ́ẹ̀ ní indigénat. Nígbà tó yá, ó dé Dahomey wa. Ẹni tó bá pẹ́ san owó-orí, ẹni tó ṣàfojúdi sí kọmándàn, àtìmọ́lé ni. Ọdún 1946 ló tó parí.

Ní tèmi o, a ò gbọdọ̀ fi òfin kan bo èkejì mọ́lẹ̀. Ọwọ́ kan náà ló wà nídìí méjèèjì. Ní 1885, Ferry sọ ọ́ gbangba níwájú àwọn aṣòfin pé ẹ̀yà tó ga lẹ́tọ̀ọ́ lórí ẹ̀yà tó rẹlẹ̀. Clemenceau, ọmọ Faransé bíi tirẹ̀, ta kò ó níbẹ̀.

Ní 1892, Ferry fúnra rẹ̀ lọ wo Àlùjẹ́ríà. Ó rí bí àwọn òyìnbó ibẹ̀ ti ń ni àwọn onílẹ̀ lára, ó sì bá wọn wí nínú ìwé tó kọ. Ó kú ní 1893. Òfin náà ṣì wà níbẹ̀.