Ohùn Kọ̀ǹpútà, Láti Orí Tẹ́mínà

Ẹ̀yin tí ẹ ń lo Linux, ṣé ó ti ṣe yín rí? Ẹ ti so earpiece Bluetooth mọ́ láptọ́ọ̀pù lóru, síbẹ̀ fídíò ṣì ń pariwo lára láptọ́ọ̀pù, ẹni tẹ́ ẹ jọ ń gbé yàrá sì ń sùn. Kẹ́ ẹ tó sọ pé earpiece ti bàjẹ́, ẹ dúró ná.

Alárinà kan wà láàárín fídíò yẹn àti sípíkà: PulseAudio, tí Lennart Poettering bẹ̀rẹ̀ ní 2004. Lórí ọ̀pọ̀ Linux tuntun, PipeWire ló ń ṣe iṣẹ́ náà báyìí, àmọ́ àṣẹ kan náà ló ń gbọ́. Òun ló ń pinnu ibi tí ohùn máa gbà jáde. Ẹ ṣí tẹ́mínà, kẹ́ ẹ tẹ:

pactl list short sinks

Gbogbo ọ̀nà àbájáde ohùn á tò síwájú yín. Orúkọ èyí tó ní "bluez" nínú lẹ máa mú:

pactl set-default-sink ORÚKỌ

Bọ́tìnnì ohùn láptọ́ọ̀pù tèmi ti kú tipẹ́, mi ò sì náwó lé e. Èyí ni mò ń lò:

pactl set-sink-volume @DEFAULT_SINK@ +5%

Ó lè kọjá 100% o! Ṣùgbọ́n ìṣirò lásán ló fi ń sọ ohùn di ńlá níbẹ̀. Tí orí ìgbì bá kan àjà, á gé e, orin á wá máa ha.