Òǹtẹ̀ tó ti pa rẹ́ lára fàdákà àtijọ́: etí rẹ̀ ni kí ẹ wò

Láti ìgbà tí owó fàdákà ti fò kọjá 50 dọ́là fún áúnsì kan ní oṣù kẹwàá ọdún 2025, òrùka àti ẹ̀gbà ọwọ́ tí wọ́n ti gbé tì ti padà di ohun àmúyangàn. Èyí tí ẹbí kó ti Lọ́ńdọ̀nù bọ̀, tó gba pápákọ̀ òfúrufú Murtala Muhammed wọlé, ìbéèrè kan náà ló ń bá pàdé lọ́wọ́ alágbẹ̀dẹ: ṣé fàdákà ni? Òǹtẹ̀ inú rẹ̀ ló yẹ kó dáhùn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kìnnìún tó ń rìn ni àmì fàdákà tó jẹ́ ìdá 925 nínú 1,000, láti 1544 ni wọ́n sì ti ń lù ú. Ìdákọ̀ró ń sọ pé Birmingham ni wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò, lẹ́tà kan sì ń sọ ọdún. Ṣùgbọ́n kí ni kí èèyàn ṣe bí kìnnìún náà bá ti di àbàwọ́n lásán?

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni pé kìnnìún yẹn gan-an la máa ń tẹjú mọ́. Bí irin òǹtẹ̀ bá balẹ̀, ó máa ń tẹ fàdákà wọlé di kòtò kékeré, á sì jẹ́ kí àwòrán yọ sókè láàárín kòtò náà. Orí àwòrán yìí ló sún mọ́ ìta jù, òun sì ni ìka, aṣọ àti ọṣẹ ìfọyín tí àwọn kan fi ń dán an kọ́kọ́ máa ń jẹ. Ìsàlẹ̀ kòtò àti etí rẹ̀ ló ń kẹ́yìn. Etí yìí kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lásán. Lára fàdákà àtijọ́ ti ilẹ̀ Faransé, láti 1838, orí Minerva, òrìṣà obìnrin àwọn ará Róòmù, tó wà nínú férémù onígun mẹ́jọ jẹ́ ti fàdákà 950. Èyí tí ẹ̀gbẹ́ férémù rẹ̀ yọ ikùn bí àgbá jẹ́ ti 800. Ojú Minerva lè pa rẹ́ pátápátá, kí férémù ṣì sọ iye náà. Ní Lọ́ńdọ̀nù, lẹ́tà “a” kan náà ti padà wá lọ́pọ̀ ìgbà. Ìrísí lẹ́tà pẹ̀lú férémù rẹ̀ ni wọ́n fi ń mọ ọ̀rúndún tó jẹ́. Torí náà, ẹ má dán an kí ẹ tó wò ó. Ẹ mí ooru ẹnu sí i, kí ẹ sì tan iná fóònù sí i láti ẹ̀gbẹ́, kí òjìji lè kún inú kòtò.

Ẹnìkan lè sọ pé àwọn tó ń fi fàdákà bo irin mìíràn náà máa ń lu lẹ́tà E, P, N, S sínú férémù mẹ́rin tó jọ ti ìjọba. Òótọ́ ni, bó bá sì ti gbó, ó lè tan ojú tó ti mọ́ iṣẹ́ náà lára jẹ. Ṣùgbọ́n ohun tó jẹ òǹtẹ̀ náà ló ń tú àṣírí: níbi tí ẹ̀gbà ti ń fara kan tábìlì, àwọ̀ pupa tàbí ofeefee á yọ lábẹ́. Ẹ̀rọ X-ray náà ṣe é lò, àmọ́ ojú ohun náà nìkan ló ń kà, kò sì lè sọ ọdún.

Ti èyí tí kò ní òǹtẹ̀ rárá ló ṣòro jù. Òfin Gẹ̀ẹ́sì ti 1973 dá fàdákà tí kò tó gíráàmù 7.78 sí, bẹ́ẹ̀ ni alágbẹ̀dẹ tó ń fẹ òrùka máa ń gé e níbi òǹtẹ̀ gan-an nígbà mìíràn. Lójú tèmi, kí a má tíì pè é ní ayédèrú. Ṣílè fàdákà tí àjọ owó West African Currency Board gbé jáde láti 1913 jẹ́ 925, àwọn alágbẹ̀dẹ Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà sì máa ń yọ́ owó fàdákà ṣe ohun ọ̀ṣọ́. Ní 1920, nígbà tí fàdákà wọ́n gógó, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dín fàdákà inú owó tiwọn kù sí ìdajì. Ẹ̀gbà tí wọ́n yọ́ ṣílè tó ṣáájú ìgbà náà ṣe lè má ní àmì kankan, kó sì dára tó ti Lọ́ńdọ̀nù.