Olú tó hù lẹ́yìn ilé yín: kí ẹ tó gbé e kaná

Lásìkò òjò tó kọjá, ìyàwó ilé kan ní Niangon Nord fi fọ́tò kan ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Olú funfun ńláńlá ló kún inú abọ́ kan, iyẹ̀pẹ̀ ṣì wà lẹ́sẹ̀ wọn. Ìyá ọkọ rẹ̀ tó wá kí wọn láti Èjìgbò ló já a lẹ́yìn ilé kan tí wọn kò tíì kọ́ tán ládùúgbò wọn. Ìyá ní irú èyí gan-an làwọn ń jẹ lóko nígbà tí àwọn wà lọ́mọge. Ìyàwó ilé yìí ní ọmọ ọlọ́dún mẹ́rin, ó sì tún ń fún òmíràn lọ́mú. Ìbéèrè rẹ̀ kò gùn: "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé eléyìí ṣeé jẹ?"

Mi ò mọ̀. Bí mo ṣe dá a lóhùn nìyẹn, mo sì ní kí wọ́n má sè é. Ìyá gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. "Dókítà, ọmọ mi, ṣé ìwọ lo wá fẹ́ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń já olú ni?" Mo ní, "Ẹ má bínú, Mà. Ẹ ṣáà bá mi fi í sílẹ̀." Wọ́n ní ó dáa.

Ṣùgbọ́n nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, Ìyá bu díẹ̀ nínú rẹ̀, wọ́n fi epo pupa sè é nínú ìkòkò kékeré, wọ́n sì dá a jẹ. Èrò wọn ni pé bí ohunkóhun kò bá ṣe àwọn títí ilẹ̀ ọ̀la fi máa mọ́, àwọn ọmọ lè jẹ ìyókù. Kò tó wákàtí méjì tí èébì fi bẹ̀rẹ̀, ìgbẹ́ gbuuru tẹ̀ lé e. Nígbà tí wọ́n fi máa gbé wọn dé ilé ìwòsàn, ẹnu wọn ti gbẹ, òòyì ń kọ́ wọn, wọn kò lè dá dúró. A fa omi sí wọn lára mọ́jú. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, wọ́n ti ń béèrè ẹ̀kọ gbígbóná.

Mo béèrè pé olú tó ṣẹ́kù ńkọ́? Wọ́n ti dà á sínú gọ́tà, àti ti inú abọ́ àti ti inú ìkòkò. Nítorí náà, mi ò lè sọ fún yín pé olú báyìí ni. Mo fura sí ọ̀kan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Chlorophyllum molybdites. Ó wọ́pọ̀ káàkiri ilẹ̀ olóoru, ó máa ń hù sórí koríko àyíká ilé, ó funfun, ó lè fẹ̀ tó àwo, bó bá sì gbó, abẹ́ fìlà rẹ̀ a máa yí sí àwọ̀ ewé. Èébì àti ìgbẹ́ gbuuru ni iṣẹ́ tirẹ̀, láàárín wákàtí kan sí mẹ́ta. Àmọ́ ìfura lásán nìyẹn.

Ẹ lè máa rò ó pé dókítà wo ni kò mọ olú. Ẹ gbọ́, nínú gbogbo ọdún tí mo fi kọ́ṣẹ́ ìṣègùn, bóyá ni wọ́n fi odidi wákàtí kan kọ́ wa nípa olú. Ká tiẹ̀ ní wọ́n fi ọdún kan kọ́ wa, ọ̀rọ̀ náà kò níí fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀, torí pé ọ̀pọ̀ olú tó ń hù láyé ni ẹnikẹ́ni kò tíì kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ìmọ̀ rí. Ìròyìn tí ọgbà ewéko Kew ní London gbé jáde ní 2020 sọ pé nǹkan bíi 148,000 ni irú olú, èbu àti àwọn ìbátan wọn tó ti ní orúkọ. Iye tí àwọn onímọ̀ fojú bù pé ó wà láyé jẹ́ mílíọ̀nù 2.2 sí mílíọ̀nù 3.8. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Nínú ọgọ́rùn-ún, ó lé ní àádọ́rùn-ún tí kò tíì lórúkọ. Ní ọdún 2019 nìkan, wọ́n fún 1,886 tuntun lórúkọ, wọ́n sì fún ewéko 1,942 náà lórúkọ.

Kí ni orúkọ wá fẹ́ ṣe fún ẹni tó jẹ májèlé? Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn Yunnan fún yín.

Yunnan jẹ́ ìpínlẹ̀ olókè ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Ṣáínà. Apá kan ilẹ̀ ibẹ̀ jẹ́ òkè òkúta ẹfun tí omi òjò ti gbẹ́ di ihò àti àfonífojì, tó fi jẹ́ pé ewéko tí ẹ bá rí lórí òkè kan, ẹ lè má rí i lórí èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ti máa ń rí ohun tuntun jù. Láti ìparí àwọn ọdún 1970 síwájú, ohun kan ń ṣẹlẹ̀ ní àwọn abúlé orí òkè Yunnan. Bí òjò bá ti dé, ẹni tí ara rẹ̀ le koko á kàn ṣubú, á sì kú. Nígbà míì, èèyàn méjì tàbí mẹ́ta nínú ìdílé kan ló máa ń kú láàárín ọjọ́ díẹ̀. Fún ọgbọ̀n ọdún, nǹkan bí irínwó èèyàn ló bá a lọ. Wọ́n yẹ ọkàn wò, wọ́n yẹ omi wò. Àwọn ará abúlé náà ní àlàyé tiwọn, ẹ ó kúkú mọ irú àlàyé tí àwa náà ì bá ṣe.

Ìgbà tí àwọn oníṣẹ́ ìlera ìjọba ibẹ̀ wá ń lọ láti ilé dé ilé ni wọ́n rí i pé olú kékeré funfun kan kì í wọ́n ní sàkání àwọn ilé tí ikú náà ti wọlé. Iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ìdílé ibẹ̀ ni kí wọ́n máa já olú tà. Èyí kò níye lórí lọ́jà, ó kéré, àwọ̀ rẹ̀ sì tètè máa ń bàjẹ́. Nítorí náà, èyí tó dáa wọ́n á tà á, èyí tí kò rí rà wọ́n á gbé e kaná fún àwọn ọmọ. Nígbà tí wọ́n gbé e fún àwọn onímọ̀ olú, kò sí nínú ìwé kankan. Wọ́n ṣàpèjúwe rẹ̀, wọ́n sì sọ ọ́ ní Trogia venenata ní 2012. Ìtumọ̀ venenata ní èdè Látìn ni "olóró". Wọ́n ya àwòrán rẹ̀, wọ́n gbé e kiri àwọn abúlé pé ẹ má jẹ ẹ́, ikú náà sì dín kù gidigidi.

Nǹkan tí kò lórúkọ ṣòroó kìlọ̀ nípa rẹ̀. Kí ni ẹ fẹ́ kọ sára ìwé ìkìlọ̀? "Olú funfun kékeré"? Mélòó ni olú funfun kékeré tó wà nínú igbó?

Iṣẹ́ yìí ń lọ lọ́dọ̀ tiwa náà. Ní 2021, Hyacinthe Aïgnon àti Nourou Soulemane Yorou ti Yunifásítì Parakou ní orílẹ̀-èdè Benin, pẹ̀lú àwọn akẹgbẹ́ wọn, gbé olú tuntun mẹ́ta jáde láti ilẹ̀ olóoru Áfríkà: Inosperma africanum, Inosperma bulbomarginatum àti Inosperma flavobrunneum. Ìdílé tí àwọn olú wọ̀nyí ti wá ló jẹ́ kí èmi dókítà dúró kà á, torí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìbátan wọn ló ní oró tí wọ́n ń pè ní muscarine. Ẹni tó bá jẹ muscarine, láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí wákàtí méjì, òógùn á bò ó, itọ́ á máa dà lẹ́nu rẹ̀, omi á máa jáde lójú rẹ̀, ọmọlójú rẹ̀ á kéré bí orí abẹ́rẹ́, ọkàn rẹ̀ á sì máa lù jẹ́jẹ́. Oògùn rẹ̀ wà, atropine ni, kò sì wọ́n ní ilé ìwòsàn. Bí a bá ti mọ ohun tí aláìsàn jẹ, a ò níí máa táràrà.

Ẹ má rò pé orúkọ olú dà bí orúkọ ọmọ tí a ń sọ ní ọjọ́ kẹjọ. Ẹni tó rí i á yà á ní fọ́tò nígbà tó ṣì tutù, torí àwọ̀ rẹ̀ kì í pẹ́ lọ. Á kọ ibi tó ti hù sílẹ̀, igi tó wà nítòsí, òórùn rẹ̀. Á gé fìlà rẹ̀ sórí bébà kí ìyẹ̀fun wẹ́wẹ́ tó jẹ́ irúgbìn rẹ̀ lè dà sílẹ̀, kó lè mọ àwọ̀ rẹ̀. Á sá a gbẹ, á fi maikirosíkóòpù wò ó, á yẹ DNA rẹ̀ wò, á sì fi wé gbogbo àwọn ìbátan rẹ̀ tó ti lórúkọ. Ẹyọ kan gbọ́dọ̀ wà nípamọ́ títí láé ní ilé tí wọ́n ń tọ́jú irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sí. Abíjàn ní ilé ìtọ́jú ewéko gbígbẹ tirẹ̀ ní Centre National de Floristique ní Cocody, níbi tí olóògbé Laurent Aké-Assi ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣiṣẹ́. Ó mọ ewéko Côte d'Ivoire débi pé wọ́n sọ ẹ̀yà ewéko kan ní Akeassia nítorí rẹ̀.

Mi ò fi èyí fojú tín-ínrín ìmọ̀ àwọn ìyá wa o. Olú ńlá tó ń bá ikán gbé, tí fìlà rẹ̀ lè fẹ̀ tó mítà kan, Termitomyces titanicus, ọdún 1980 ni wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé láti Zambia. Àwọn ará ibẹ̀ ti ń fi í jẹun tipẹ́tipẹ́. Ohun tí Ìyá mọ̀ lóko Èjìgbò, òótọ́ ni wọ́n mọ̀ ọ́n. Ibi tí wàhálà wà ni pé Niangon kì í ṣe oko Èjìgbò. Ẹ̀gbẹ́ kan igbó Banco, tí wọ́n sọ di ọgbà ìjọba ní 1953, ló kan Yopougon wa yìí, igbó kìjikìji ni. Olú tó jọ tilé lè jẹ́ ẹlòmíràn pátápátá. Ní alẹ́ ọdún tuntun tó kẹ́yìn 2011, olú kan tó jọ èyí tí wọ́n ń jẹ ní Éṣíà wọ inú oúnjẹ kan ní Canberra, ní Ọsirélíà. Èèyàn méjì kú nínú àwọn tó jẹ ẹ́.

Olú ti Canberra yẹn ló jẹ́ kí àyà mi já nígbà tí mo gbọ́ pé Ìyá fẹ́ tọ́ ọ wò fún àwọn ọmọ. Irú oró tó wà nínú rẹ̀ kì í tètè sọ̀rọ̀. Wákàtí mẹ́fà, ó lè tó mẹ́rìnlélógún, kí èébì tó bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, aláìsàn á tún gbádùn fún bí ọjọ́ kan, gbogbo ilé á máa dúpẹ́, ẹ̀dọ̀ á sì máa kú lọ nínú. Bí Ìyá bá jẹ irú rẹ̀ lálẹ́, wọn ì bá jí láàárọ̀ láìsí nǹkan kan, wọn ì bá sì bu ìyókù fún ọmọ ọlọ́dún mẹ́rin. Ìwọ̀n tí àgbàlagbà jẹ tí ara rẹ̀ gbà, ó lè pọ̀ jù fún ọmọdé. Sísè kò pa oró yìí, yíyan kò pa á. Ewúrẹ́ tó jẹ ẹ́ tí kò kú kò jẹ́rìí sí nǹkan kan. Epo pupa kò pa oró náà, ẹ má sì rọ ọ́ sí ọmọ tó ń bì lẹ́nu, ó lè gba ọ̀nà èémí rẹ̀ wọ ẹ̀dọ̀fóró.

Bí ẹnì kan bá ti jẹ ẹ́ nílé yín tí ara rẹ̀ kò dáa, ẹ má dúró wo bó ṣe máa rí. Ní Côte d'Ivoire, ẹ pe SAMU lórí 185. Gbogbo ẹni tó jẹ nínú ìkòkò náà ni kí ẹ kó wá, títí kan ẹni tó ní kò sí nǹkan tó ṣe òun. Ẹ wo aago, kí ẹ sọ fún wa ìgbà tí wọ́n jẹun àti ìgbà tí èébì bẹ̀rẹ̀. Ẹ má fi ọwọ́ tì í lọ́fun kó bì. Kí ẹ sì bá mi mú olú tó ṣẹ́kù wá, nínú bébà, kì í ṣe nínú ọ̀rá, torí inú ọ̀rá ló ti máa ń tètè rà. Bó bá jẹ́ èyí tó wà nínú ọbẹ̀ ló kù, ẹ gbé ọbẹ̀ náà wá. Bí kò bá sí, ẹ bu díẹ̀ nínú èébì.

Ìyá ti padà sí Èjìgbò. Wọ́n pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n ní ṣé mo ti wá mọ orúkọ olú yẹn. Mo sọ fún wọn pé mo lọ síbẹ̀ lẹ́yìn òjò kan láti wá òmíràn. Wọ́n ti da kọnkéré sí ẹ̀yìn ilé náà.